Coleridge-Taylor Kì í Ṣe Mahler Ẹnikẹ́ni

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ Samuel Coleridge-Taylor ní “Mahler aláwọ̀ dúdú” kò wo ilé rẹ̀ rárá. Ilé onílé ni wọ́n wò, wọ́n sì gbé orúkọ ibẹ̀ wá fún ọmọ tó ti ní orúkọ tirẹ̀. Ìrìn-àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1910 ni wọ́n so ìnagijẹ náà mọ́, nígbà tí àwọn olórin ibẹ̀ rí i bí ó ṣe ń darí orin. Láti ìgbà náà, ó ti di ohun tí àwọn tó ń kọ ìwé pélébé fún eré orin kì í lè fi sílẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń yin ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò lè yìn láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ dárúkọ ẹlòmíràn, ṣé òun ni a yìn, àbí ẹni tí a dárúkọ?

Ẹ jẹ́ kí á gbé àwọn méjèèjì lé orí ìwọ̀n. Ọdún 1860 ni wọ́n bí Gustav Mahler ní Bohemia. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi jẹ́ olórí ilé eré ọ́pẹ́rà ti ààfin ní Vienna, láti 1897 títí di 1907, kí ó tó ré kọjá sí New York. Orin ọ́kẹ́sítírà gbọọrọ, èyí tí wọ́n ń pè ní sínfónì, ni òkìkí rẹ̀ dúró lé lórí. Coleridge-Taylor kọ sínfónì kan péré, nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́. Orin àjùmọ̀kọ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, orin tí oníṣòwò, alágbẹ̀dẹ, olùkọ́ àti ìyá ilé yóò kọ ní gbọ̀ngàn ìlú wọn lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Dvořák ni aṣẹ̀dá orin tí ọkàn rẹ̀ fà sí jù lọ, kì í ṣe Mahler. Ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ kò ju pé ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì ń darí orin ní Amẹ́ríkà. Bí èyí bá tó láti sọ ènìyàn ní orúkọ ẹlòmíràn, èé ṣe tí ẹnikẹ́ni kò fi pe Mahler ní Coleridge-Taylor aláwọ̀ funfun? Ìbéèrè yẹn ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ibi tó sì ti ń pani lẹ́rìn-ín ni àléébù ìnagijẹ náà wà.

Orúkọ àyálò yìí ti ba ọ̀nà tí a ń gbà kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́. Holborn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1875. Alice Hare Martin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìyá rẹ̀. Daniel Peter Hughes Taylor, ọmọ Sàró tó wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní King's College, ni bàbá rẹ̀. Àwọn òbí náà kò ṣe ìgbéyàwó, bàbá sì ti padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ọmọ tó dé ayé. Àwọn òpìtàn tó fẹ́ràn omijé a máa kọ ọ́ pé ńṣe ni bàbá sá fi oyún sílẹ̀. Àwọn tó fara balẹ̀ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ mọ̀ pé oyún wà. Ọ̀ràn kékeré kọ́ ni ìyàtọ̀ yìí. Nínú ọ̀kan, bàbá dúdú jẹ́ aláìnítìjú. Nínú èkejì, ó jẹ́ ọ̀dọ́ dókítà tó padà sílé lọ ṣiṣẹ́, tó sì di òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń wádìí ikú ní Gáńbíà. Òǹkọ̀wé tó bá mú èyí àkọ́kọ́ láìwádìí ti fi ẹ̀sùn kan òkú tí kò lè fèsì.

Croydon ni ọmọ náà dàgbà sí. Benjamin Holmans, bàbá ìyá rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, ló kọ́kọ́ fi fayolíìnì lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wọ Royal College of Music, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Charles Villiers Stanford tó kọ́ ọ ní ìṣẹ̀dá orin. Ní 1898, Edward Elgar fúnra rẹ̀ ló dábàá rẹ̀ fún àjọ̀dún orin ìlú Gloucester, níbi tí wọ́n ti gbọ́ orin Ballade rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Stanford darí Hiawatha's Wedding Feast fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni aṣẹ̀dá rẹ̀. Apá kejì àti ìkẹta tẹ̀lé e ní 1899 àti 1900. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin tí kò ní ìwé Hiawatha lórí pẹpẹ ìwé rẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó ṣọ̀wọ́n. (Ewì òyìnbó kan, Longfellow, nípa àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ orin náà. Bí a ṣe ń fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún wọn lónìí nípa Coleridge-Taylor, bẹ́ẹ̀ náà ni Longfellow ṣe fún Hiawatha. Ṣùgbọ́n ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn.)

Ibí yìí ni ìtàn kejì tó yẹ kí á bá wọn jà sí ti wọlé. Wọ́n ní Coleridge-Taylor ta Hiawatha's Wedding Feast fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Novello ní gínì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 15, kò sì rí kọ́bọ̀ mìíràn lórí rẹ̀ bí ìwé náà ti ń tà tó. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ sì ni pé ìbínú àwọn olórin lórí ọ̀ràn rẹ̀ wà lára ohun tó fa ìdásílẹ̀ Performing Right Society ní 1914, ẹgbẹ́ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún aṣẹ̀dá orin. Ohun tí wọ́n fi òtítọ́ yìí ṣe ni kò dára. Wọ́n sọ ọ́ di àlọ́ aláìní: òyìnbó rẹ́ ọmọ dúdú jẹ, ọmọ dúdú sì fi òṣì kú. Èyí kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Títa orin pátápátá ní owó kan ṣoṣo jẹ́ àṣà ọjà ìgbà náà. Elgar fúnra rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, ta Salut d'amour ní owó táṣẹ́rẹ́, ó sì jókòó wo àwọn tó rà á bí wọ́n ṣe ń kó èrè rẹ̀. Ìwà ọjà ló bu àwọn méjèèjì jẹ, ìdí sì nìyẹn tí àtúnṣe fi jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ aṣẹ̀dá orin.

Àlọ́ náà tún ń bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń ṣàánú yìí jẹ́ olùkọ́ ní Trinity College of Music, lẹ́yìn náà ní Guildhall School. Ó darí Handel Society ti Lọ́ńdọ̀nù láti 1904 títí ó fi kú. Ó ń rin ìrìn ọkọ̀ ojú irin káàkiri láti dájọ́ ìdíje orin, títí kan àwọn àjọ̀dún orin ní Wales. Ó fẹ́ Jessie Walmisley ní 1899, ó bí ọmọ méjì, ó sì ń bọ́ ilé rẹ̀. Òtútù àyà ló pa á ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, ó lè rí ẹni gbà á gbọ́. Ẹni tó bá sọ pé òṣì ni, kí ó mú ẹ̀rí wá.

Kí wọ́n tó sọ ọ́ di ẹni àánú, wọ́n ní láti gba ohùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà kì í ṣe odi. Ní 1900, ó wà lára àwọn aṣojú ní ìpàdé àpapọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Westminster, níbi tí ó ti bá W. E. B. Du Bois pàdé. Ó lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹta, ní 1904, 1906 àti 1910. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ènìyàn dúdú ní Washington tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1901 ló pè é, Ààrẹ Theodore Roosevelt sì gbà á lálejò. Ní oṣù Kejì ọdún 1912, nígbà tí ẹnìkan sọ ìsọkúsọ nípa àwọn ènìyàn dúdú ní ẹgbẹ́ ìjiyàn kan nítòsí Croydon, Coleridge-Taylor kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àdúgbò, ó sì fi ọ̀rọ̀ gún wọn lójú. Lẹ́tà ẹni tó mọ ẹni tí òun jẹ́ ni. Kò tọrọ àánú nínú rẹ̀.

Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí W. C. Berwick Sayers kọ jáde ní 1915. Ti Jeffrey Green, tó tú ọ̀pọ̀ àṣìṣe àtijọ́ fó, jáde ní 2011. Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí àwọn tó ń kọ̀wé ní èdè Áfíríkà máa mú ìdajì ojú ewé láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìnagijẹ àti omijé inú rẹ̀, kí wọ́n sì pe èyíinì ní ìtàn wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń ṣe sí àwọn yòókù. Amanda Aldridge, ọmọ gbajúmọ̀ òṣèré Ira Aldridge, tó gbé ayé láti 1866 títí di 1956, kọ́ orin lọ́dọ̀ Jenny Lind, ó sì ń fi orúkọ Montague Ring tẹ orin jáde. Nígbà tí àìsàn ba ohùn rẹ̀ jẹ́, ó di olùkọ́ ohùn. Roland Hayes, Marian Anderson àti Paul Robeson gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, “ọmọ Ira Aldridge” ni ó ń jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bí ẹni pé kò ṣe ju kí wọ́n bí i lọ. Rudolph Dunbar, ọmọ Guyana, darí London Philharmonic ní Royal Albert Hall ní 1942 àti Berlin Philharmonic ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945, nígbà tí ìlú Berlin ṣì jẹ́ òkìtì àlàpà. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ wọ́n fún un ní Bìrìtìkó, ó sì kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1988. Ẹni tó bá ń wá ibi tí àánú ti tọ́, níbẹ̀ ni kí ó lọ.

Ìtàn Avril, ọmọbìnrin Coleridge-Taylor, ló tilẹ̀ ṣòro jù láti fi ṣe àlọ́. Wọ́n bí i ní 1903, òun náà di aṣẹ̀dá orin àti adarí orin. Ní 1952 ó lọ sí Gúúsù Áfíríkà láti ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbà á bí òyìnbó; nígbà tí ìjọba mọ irú ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́, wọ́n dí i lọ́nà iṣẹ́. Ní 1957, ó kọ orin ayẹyẹ fún òmìnira Gánà. Obìnrin kan náà ni, láàárín ọdún márùn-ún. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ akọni nìkan yóò fo 1952, ẹni tó bá fẹ́ ẹlẹ́bi nìkan yóò fo 1957. Ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn kò gba irú fífò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò bi í pé kí ló kan olùkọ́ èdè nínú gbogbo èyí. Wọ́n ní orin òyìnbó ni, kí àwọn òyìnbó máa kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta. Ẹkúndayọ̀ Phillips lọ sí Trinity College of Music, ilé-ẹ̀kọ́ tí Coleridge-Taylor ti ṣe olùkọ́, kí ó tó padà wá tẹ dùùrù ní Katidírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Òun ló kọ́ Fẹlá Ṣówándé, ẹni tó wá di ọ̀gá nínú dùùrù títẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì gbé African Suite jáde ní 1944. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba gba ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń pe sópíránò àti báásì fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi sọ pé èdè Yorùbá kò ní ohun tí yóò fi sọ ìtàn náà. Ọ̀lẹ ni kò ní.

Ohun kan sì wà nínú ìtàn yìí tí kò sí ẹni tó lè ṣe é bí kò ṣe onímọ̀ èdè Yorùbá. Ní 1905, Coleridge-Taylor gbé ìwé orin dùùrù kan jáde ní Boston, Twenty-Four Negro Melodies, tí Booker T. Washington kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí. Nínú orin mẹ́rìnlélógún náà, ọ̀kan ń jẹ́ “Oloba”. Orin ilẹ̀ Yorùbá ni. Victoria Randle ló fún un. Ìyàwó dókítà John Randle ti Èkó ni, ọmọ tí Ọbabìnrin Victoria ṣe ìyá ìsàmì fún. Ìyá tó bí i ni Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú ní kékeré, tí ọ̀gágun ojú omi kan sì mú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Ẹ wo ọ̀nà tí orin kan rìn: láti ẹnu àwọn ará ilé, sí ọwọ́ ọmọ ẹni tí ogun kó lọ tó tún padà wá fi Èkó ṣe ilé, sí orí dùùrù ní Croydon, sí ilé ìtẹ̀wé ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń du Coleridge-Taylor mọ́ra wọn lọ́wọ́ nítorí pé bàbá rẹ̀ wá láti Freetown, níbi tí àwọn Àkú ti pọ̀, kò nílò ìméfò yẹn. Ohun tó so ó mọ́ Yorùbá wà nínú ìwé, a ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń pe orúkọ orin náà? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Láti ìgbà náà ni àwọn atẹ-dùùrù ní ìhà gbogbo ayé ti ń pè é bí ó ti dé ẹnu wọn. Ó lè jẹ́ Ọlọ́ba, ẹni tí ọ̀ràn ọba kàn. Ó lè jẹ́ Ọlọ́bà, orúkọ oyè bí ti ọba Ọ̀bà-Ilé nítòsí Àkúrẹ́. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí etí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò gbé dáadáa. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ọnà lásán. Orin nípa ẹni ààfin àti orin nípa olóyè ìlú kan kì í ṣe orin kan náà, ibi tí wọ́n ti ń kọ wọ́n sì lè yàtọ̀. Òǹkọ̀wé tó bá ń ṣàlàyé pé orin náà “dùn mọ́ni, ó sì kún fún ẹ̀mí Áfíríkà” láìmọ ohun tí àkọlé rẹ̀ ń sọ, ó dà bí ẹni tó ń yin ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́.

Phillips ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953, pé ohùn ọ̀rọ̀ ni orin Yorùbá ń tẹ̀lé. Ohun tó ń dun òun gan-an ni bí àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po nítorí pé wọ́n mú ìró òyìnbó lé wọn lórí. Ẹ̀kọ́ kan náà wúlò níbí. Coleridge-Taylor kò fi ìró orin tí wọ́n fún un pamọ́: ó tẹ ìró ìpìlẹ̀ sí òkè ojú ewé ṣáájú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, bí ó ti ṣe sí gbogbo orin inú ìwé náà. Ẹ̀rí wà lójú ìwé. Bí ìró náà bá gòkè láti sílébù àkọ́kọ́ sí ìkejì, Ọlọ́ba àti Ọlọ́bà ṣì wà nínú ìdíje. Bí kò bá gòkè, kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí sílébù kẹta bá padà sí ibi tí ti àkọ́kọ́ wà, ó ń fara jọ Ọlọ́ba. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí i, ó ń fara jọ Ọlọ́bà. Orin kì í tẹ̀lé ohùn ní gbogbo ìgbà, lóòótọ́, ẹni tó kọ ìró náà sórí ìlà márùn-ún sì lè ti tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó lè bá dùùrù mu. Nítorí náà ni a ó ṣe nílò kí ẹni tó mọ orin àdúgbò àti ẹni tó mọ ẹ̀ka-èdè jókòó pọ̀. Aṣẹ̀dá rẹ̀ ti kú láti 1912, kò sí owó ẹ̀tọ́ mọ́ lórí ìwé náà, ẹnikẹ́ni lè mú un. Kíláàsì kan ní yunifásítì, pẹ̀lú dùùrù kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilé Ẹ̀gbá, Yewa àti Àkúrẹ́ wá, lè gbé e yẹ̀ wò ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí wọ́n sì fi àmì ohùn lé orí lẹ́tà márùn-ún náà kí wọ́n tó tún kọ orúkọ Coleridge-Taylor sínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan.